Ogun méjì ti pàdé lórí máàpù: báwo ni mo ṣe máa gbé e sórí tábìlì?

Rẹfirí_Tuntun

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin àgbà inú eré yìí. Ọ̀rọ̀ ti dójú ẹ̀, ẹ gbà mí.

Àwa márùn-ún la jọ ń ta kámpéènì 1815, eré tí a ti ń fi máàpù àti sójà kékeré tún ogun Napoleon, ọba ńlá Faransé, jà ní Belgium. Ẹni méjì ń ta Faransé, ẹni méjì ń ta Prussia (ìjọba Jámánì kan nígbà náà), èmi ni rẹfirí, Wellington, ọ̀gágun Gẹ̀ẹ́sì, sì wà lọ́wọ́ mi títí a ó fi rí ẹni tó máa gbà á. Ọ̀sẹ̀ méje la ti fi ń rìn lórí máàpù. Wọ́n á kọ àṣẹ ránṣẹ́ sí mi, èmi á sún ogun wọn, màá sì sọ ohun tí àwọn amí ẹlẹ́ṣin rí fún ẹni tó ni wọ́n. A ò tíì fọwọ́ kan sójà kékeré kankan.

Tiwa ti yà kúrò lójú ọ̀nà ìtàn. Napoleon sọdá odò Sambre ní Charleroi ní June 15 bó ṣe ṣe é gan-an, ṣùgbọ́n Blücher tiwa, olórí ogun Prussia, kò dúró jà ní Ligny, ó kó ogun rẹ̀ sẹ́yìn. Ní báyìí, aago 11 àárọ̀ June 17 ló wà lórí máàpù. Vandamme, ọ̀gágun Faransé, pẹ̀lú III Corps rẹ̀ (corps ni ẹ̀ka ńlá ogun tó lè dá jà), bíi 18,000 èèyàn, ń gba ọ̀nà Sombreffe bọ̀ sí Gembloux, àwọn dragoon (sójà ẹlẹ́ṣin) Exelmans, bíi 3,000, ló ṣíwájú wọn. Ẹni tí wọ́n bá ní Gembloux ni Thielmann, III Corps ti Prussia, bíi 24,000. Ó fi díẹ̀ di ìlú mú, ó kó ìyókù pamọ́ sẹ́yìn odò kékeré Orneau. Gérard pẹ̀lú IV Corps Faransé, bíi 16,000, ṣì wà ní Sombreffe, nǹkan bíi kìlómítà 8 sẹ́yìn. Bülow, ọ̀gágun Prussia mìíràn, ń kó 30,000 bọ̀ láti apá Hannut, ṣùgbọ́n kò lè débẹ̀ kí ilẹ̀ tó ṣú. Mo ju dáìsì fún ojú ọjọ́, òjò máa bẹ̀rẹ̀ ní aago 2 ọ̀sán.

Tábìlì mi jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 180 sí 120. Sójà wa jẹ́ mílímítà 10, pèpéle kan (ibi tí a lẹ sójà mọ́) fún bàtálíọ̀nù kan (bíi 550 ẹlẹ́sẹ̀), ìyípo kan nínú eré sì jẹ́ ìṣẹ́jú 30.

Lálẹ́ àná mo gbìyànjú láti tò ó. Mo to Prussia sí ẹ̀gbẹ́ kan, mo to Faransé sí ẹ̀gbẹ́ kejì, wọ́n dojú kọ ara wọn bí ọmọ ilé ìwé tó wà lórí ìlà. Mo dúró, mo wò ó, ojú tì mí. Bí mo bá fẹ́ to ogun báyìí, kí la ń fi ọ̀sẹ̀ méje rìn sí?

Yàtọ̀ sí ìyẹn, ẹni tó ń ta Vandamme ti ń ráhùn pé 24,000 sí 18,000 kò dáa, pé kí n jẹ́ kí Gérard wà lórí tábìlì láti ìbẹ̀rẹ̀ nítorí ó máa gbọ́ ìró àgbá. Mi ò mọ apá ibo nínú máàpù ni kí n gé sórí tábìlì, mi ò sì mọ bí a ṣe ń ka òkú lẹ́yìn ìjà kí kámpéènì lè máa lọ. Ìjà di Sátidé.

Ẹṣin_Pupa

Má da ara ẹ láàmú, jàre. Yọ bìrìgéèdì kan (ìdá kan nínú mẹ́rin ogun rẹ̀) lára Thielmann, kí o sọ pé ó ṣì wà lẹ́yìn. Ó di 18,000 sí 18,000, kò sí ẹni tó máa ráhùn. Gbàgbé Gérard àti Bülow, lẹ́yìn ìjà ni kí o tó rántí wọn. Ìjà tí kò dọ́gba kì í dùn, ẹni tó ń jìyà á kàn jókòó máa wo aago ni. Òkú ńkọ́? Iye pèpéle tó bá kúrò lórí tábìlì, yọ ọ́ kúrò lórí máàpù. Ó tán.

BàbáAlágbá

Ẹṣin_Pupa, má bínú sí mi. Mo ti ṣe ohun tí o wí yìí rí, ó sì ba kámpéènì kan jẹ́ mọ́ mi lọ́wọ́. Ogun 1809 ni, létí odò Danube. Ẹni tó ń ta Austria fi ọjọ́ mẹ́ta gbáko rìn lórí máàpù, ó rọra yí corps Faransé kan ká títí ó fi di ẹni méjì sí ẹnì kan. Èmi rẹfirí wò ó pé ìjà yìí kò ní dùn, mo bu ogun kún ti Faransé. Ó dùn lóòótọ́, a ta á wọ òru. Nígbà tí a parí, ọkùnrin náà ń to sójà rẹ̀ padà sínú àpótí lọ́kọ̀ọ̀kan, kò wí nǹkan kan. Ìgbà tó di ìdérí tán ló wá bi mí pé, “Ẹ̀gbọ́n, kí ni mo wá ń rin ìrìn ọjọ́ mẹ́ta fún?” Mi ò rí èsì fọ̀. Kò sì padà wá mọ́.

Nítorí náà, Rẹfirí, má fọwọ́ kan iye ogun. 24,000 ni 24,000. Ohun tó o máa tún ṣe ni ohun tí ẹnì kọ̀ọ̀kan wọn ń jà fún. Kí wọ́n tó rí tábìlì rárá, bi wọ́n lọ́tọ̀ọ̀tọ̀: kí lo wá ṣe ní Gembloux? Kí wọ́n kọ ọ́ sórí ìwé, gbólóhùn kan péré, kí o fi í sínú àpòòwé, kí o lẹ̀ ẹ́ pa. Ohun tó bá wà nínú àpòòwé ni a máa fi dá ẹjọ́. Bí Thielmann bá kọ pé òun fẹ́ dá ọ̀nà Bülow sí títí alẹ́, tí ọ̀nà yẹn bá ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀ ní aago 9 alẹ́, ó ti ṣe é nìyẹn, ì báà ku ìdajì ogun rẹ̀.

Thielmann gidi ṣe irú ẹ̀ ní Wavre, June 18. Nǹkan bíi 17,000 ló kù sí i lọ́wọ́, 33,000 ti Grouchy, ọ̀gágun Faransé, sì kọ lù ú lórí àwọn afárá odò Dyle. Ó jà di alẹ́, ó fẹ̀yìn lọ ní àárọ̀ June 19. Bí a bá wo tábìlì nìkan, ó pàdánù. Ṣùgbọ́n 33,000 yẹn ni Napoleon ń yọ ojú wá ní Waterloo, ìjà tó fi pàdánù ogun náà, ní gbogbo ọ̀sán yẹn tí kò rí wọn. (Clausewitz, tí ọ̀pọ̀ ilé ẹ̀kọ́ ológun ń ka ìwé rẹ̀ títí dòní, òun ni olórí àwọn olùdámọ̀ràn Thielmann nígbà náà. Ẹnikẹ́ni tó bá ń ta Thielmann, mo máa ń rán an létí, orí rẹ̀ á wú.)

Tí Vandamme bá tún ń ráhùn, sọ ti Davout, ọ̀gágun Faransé, fún un. Auerstedt, October 14, 1806: bíi 27,000 ló wà lọ́wọ́ rẹ̀, ogun Prussia tó dúró níwájú rẹ̀ tó ìlọ́po méjì bẹ́ẹ̀, ó sì lé wọn. Kò sí rẹfirí kankan tó bu ogun kún tirẹ̀.

Ó yá, ọ̀rọ̀ tábìlì. Bàtálíọ̀nù 550 tó tò ní ìlà mẹ́ta, bíi 183 ló dúró níwájú. Ẹnì kan gba ìdajì mítà ó lé díẹ̀, ìlà yẹn gùn tó mítà 100. Bí pèpéle rẹ bá fẹ̀ ní sẹ̀ǹtímítà 4, a jẹ́ pé sẹ̀ǹtímítà 1 dúró fún mítà 25. Tábìlì rẹ gba ilẹ̀ kìlómítà 4.5 sí 3 nìyẹn, ó tó fún corps kan sí corps kan. Ìbọn ẹlẹ́sẹ̀ kò ní kọjá sẹ̀ǹtímítà 4. Jẹ́ kí wọ́n mọ̀ ọ́n kí wọ́n tó dé, àwọn èèyàn máa ń rò pé ìbọn ìgbà yẹn ń lọ jìnnà. Àgbá 12-pounder (tí ọta rẹ̀ wúwo tó pọ́n-ùn 12) lè bá ẹni tó wà ní sẹ̀ǹtímítà 36 jà.

Gé páálí kan tó bá 4.5 sí 3 mu lórí òṣùwọ̀n máàpù rẹ. Gbé e lé ibi tí àwọn dragoon ti kọ́kọ́ gba ìbọn, kí o wá fà á díẹ̀ sí ẹ̀yìn Thielmann. Ṣé o rí ìdí? Ẹni tó ń gbèjà gbọ́dọ̀ ní ẹ̀yìn. Tábìlì tó bá parí sí gìgísẹ̀ rẹ̀ á sọ gbogbo ìfàsẹ́yìn di ìparun, bẹ́ẹ̀ ìfàsẹ́yìn ni iṣẹ́ ọ̀gágun tó le jù. Ibi tí ọ̀nà kọ̀ọ̀kan bá ti kúrò lórí tábìlì, kọ lẹ́tà sí i. Ẹni tó bá ń bọ̀ láti orí máàpù, ibi lẹ́tà rẹ̀ ló máa gbà wọlé. Kò gbọdọ̀ yọ láti ibòmíràn.

Mo wá dé ibi tí mo ń lọ. Ọ̀nà. O to gbogbo Vandamme sórí ìlà lálẹ́ àná, ohun tó dójú tì ẹ́ nìyẹn bí o kò tilẹ̀ mọ̀ ọ́n. 18,000 èèyàn kì í dé lẹ́ẹ̀kan náà. Bá mi ṣírò ó. Yọ àwọn ẹlẹ́ṣin àti àwọn alágbá, ká ní ó ku 14,000 ẹlẹ́sẹ̀. Tí wọ́n bá ń rìn ní mẹ́rin mẹ́rin, ọ̀wọ́ 3,500 nìyẹn; mítà kan fún ọ̀wọ́ kan, kìlómítà 3.5. A ò tíì ka àlàfo tó wà láàárín bàtálíọ̀nù. A ò tíì ka àgbá àti ẹṣin tó ń fà á, a ò tíì ka kẹ̀kẹ́ ọta tó ń tẹ̀ lé e. Èmi máa ń pè é ní kìlómítà 7 sí 8. Wọ́n ń rin kìlómítà 4 ní wákàtí kan.

Sombreffe sí Gembloux, mélòó lo pè é? Kìlómítà 8. Nígbà tí orí Vandamme ń gba ìbọn ní Gembloux, ìrù rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kúrò ní Sombreffe. Ojú ọ̀nà kan náà ni Gérard wà. Kò lè gbé ẹsẹ̀ títí ìrù yẹn yóò fi kọjá! Bẹ́ẹ̀ gan-an ló ṣẹlẹ̀ sí Grouchy ní June 17 gidi: Vandamme níwájú, Gérard lẹ́yìn, ọ̀nà kan ṣoṣo, òjò ń rọ̀, ilẹ̀ sì ti ń ṣú kí wọ́n tó kó ara wọn dé Gembloux.

Torí náà, Exelmans nìkan ni kí ó wà lórí tábìlì ní ìbẹ̀rẹ̀. Dífíṣọ̀n Lefol, ọ̀kan nínú mẹ́ta tí Vandamme ní, wọlé ní ìyípo 1, Habert ní ìyípo 3, Berthezène ní ìyípo 5, nítorí wọ́n ṣì máa kúrò ní ìlà ìrìn kí wọ́n tó di ìlà ìjà. Láàárín wákàtí méjì àkọ́kọ́ yẹn, Thielmann tó 24,000, Vandamme ò tó ìdajì ara rẹ̀. Ẹ̀rù á bà á. Jẹ́ kí ó bà á.

Rẹfirí_Tuntun

Ẹ ṣeun gan-an, Bàbá. Ìṣirò ọ̀nà yẹn lù mí lórí. Mo gbé rúlà lé máàpù, bẹ́ẹ̀ ló rí lóòótọ́, mo ti gbé Gérard sórí ìrù Vandamme láìmọ̀.

Mo sọ fún ẹni tó ń ta Vandamme. Ó ní ó dáa, kí Gérard kúrò lójú ọ̀nà, kí ó gba inú oko. Ó tún ní kò nílò láti ránṣẹ́ pè é, ìró àgbá ti tó, ọ̀gágun gidi á máa lọ síbi tí àgbá ti ń dún. Ẹnì kan náà ló ń ta àwọn méjèèjì, báwo ni kí n ṣe dá a dúró?

BàbáAlágbá

Ha, Gérard ló wá fẹ́ fi àpẹẹrẹ ṣe! Gérard gan-an ló bẹ Grouchy ní Walhain ní ọ̀sán June 18 pé kí wọ́n máa lọ síbi tí àgbá ti ń dún. Grouchy kọ̀. Àṣẹ tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ ni pé kó máa lé Prussia. Ta ló jàre, wọ́n ṣì ń jiyàn lé e dòní. Ìwọ rẹfirí, má dá ẹjọ́ yẹn, jẹ́ kí dáìsì dá a. Ju ọ̀kan ní gbogbo wákàtí: 6 nìkan ni Gérard á fi gbéra fúnra rẹ̀ láìgba ìwé.

Bí wọ́n bá fẹ́ kó dájú, kí wọ́n kọ̀wé. Orúkọ ẹni tó ń kọ ọ́, ibi tó wà, àti aago. Ìwé tí kò bá ní aago, ya á níwájú ẹni tó kọ ọ́. Ní ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo tí mo ya ti ẹnì kan, kò sí ẹni tó tún gbàgbé aago nínú kámpéènì yẹn mọ́. Ẹlẹ́ṣin tó gbé ìwé máa lo bíi wákàtí kan dé Sombreffe. Gérard máa lo wákàtí kan láti kó ogun rẹ̀ sójú ọ̀nà, nítorí kò sẹ́ni tó ń fi ẹrù sẹ́yìn dúró de ìròyìn. Ìrìn wákàtí méjì, bí ilẹ̀ bá gbẹ. Inú oko ńkọ́? Àwọn ẹlẹ́sẹ̀ lè gbà á ní kìlómítà 2 ní wákàtí kan. Àgbá kò ní bá wọn dé, tí òjò yẹn bá ti bẹ̀rẹ̀, àgbá kò ní dé rárá.

Ohun kan tún kù, mi ò fẹ́ kí o pàdánù rẹ̀. D'Erlon, ọ̀gágun Faransé, June 16. Ó kó bíi 20,000 rìn láàárín Quatre Bras àti Ligny ní gbogbo ọ̀sán, kò bá wọn jà dáadáa níbì kankan. Nígbà tó yọ sí ẹ̀gbẹ́ ogun Faransé ní Ligny, Vandamme yìí kan náà ló ránṣẹ́ sí Napoleon pé ọ̀tá ló ń bọ̀. Napoleon dá ìkọlù Guard (àwọn àṣàyàn sójà rẹ̀) dúró títí wọ́n fi mọ ẹni tó jẹ́.

Torí náà, nígbà tí Gérard bá dé etí tábìlì rẹ, má gbé sójà kankan kalẹ̀. Gbé páálí funfun kan sí ibi lẹ́tà rẹ̀, kí o dákẹ́. Má rẹ́rìn-ín o.

Olùṣírò

Ẹ kú àlàyé, Bàbá. Ẹ jẹ́ kí n mú ti òkú, ibẹ̀ ni mo ti rí ọ̀pọ̀ kámpéènì tó kú sí.

Rẹfirí, àbúrò mi, pèpéle tí wọ́n gbé kúrò lórí tábìlì kì í ṣe 550 òkú. Ọ̀pọ̀ nínú wọn sá ni. Òmíràn ń gbé ọ̀rẹ́ rẹ̀ tó fara gbọta lọ sẹ́yìn, kò sì kánjú àtipadà. Bí o bá ṣe bí Ẹṣin_Pupa ṣe wí, lẹ́yìn ìjà méjì kò ní sí ogun lórí máàpù rẹ mọ́, gbogbo èèyàn á wá máa bẹ̀rù ìjà bí àrùn. Mo ti rí i rí: ọ̀sẹ̀ mẹ́rin tí ẹnikẹ́ni ò fẹ́ sún mọ́ ẹnikẹ́ni, gbogbo wọn ń yí ara wọn po bí ajá méjì.

Bí èmi ṣe ń ṣe é: nínú pèpéle mẹ́ta mẹ́ta tó bá kúrò, ọ̀kan lọ pátápátá. Ọ̀kan padà ní àárọ̀ ọjọ́ kejì. Ìkẹta ń tẹ̀ lé ẹni tí pápá ìjà kù sí lọ́wọ́: bó bá jẹ́ tìẹ, ó padà lẹ́yìn ọjọ́ méjì; bó bá jẹ́ ti ọ̀tá, wọ́n ti kó wọn lẹ́rú. Ìdí tí ènìyàn fi máa ń fẹ́ dúró sórí ilẹ̀ tí òkú wà nìyẹn, kò nílò òfin mìíràn.

Ìlépa ló kù. Ní alẹ́ Ligny, ẹgbẹẹgbẹ̀rún sójà Prussia ló gba ọ̀nà Liège sá lọ. Ẹṣin Blücher kú lé e lórí, wọn ò tètè rí i, Gneisenau, olórí àwọn olùdámọ̀ràn rẹ̀, ló pàṣẹ kí ogun fẹ̀yìn lọ sí apá Wavre. Ẹni tó bá ka pèpéle ní alẹ́ yẹn á ní ogun Prussia ti tán. Ṣùgbọ́n Napoleon kò rán Grouchy tẹ̀ lé wọn títí ó fi di nǹkan bí ọ̀sán ọjọ́ kejì, ní ọ̀sán ọjọ́ kẹta ogun Prussia ń wọ Plancenoit, abúlé kan ní pápá ìjà Waterloo, lẹ́yìn rẹ̀. Torí náà, béèrè lọ́wọ́ ẹni tó borí: ṣé àwọn ẹlẹ́ṣin rẹ tí kò tíì jà lónìí ṣì wà? Bí wọ́n bá wà, tí ilẹ̀ kò tíì ṣú, ìpín kejì yẹn, tó yẹ kó padà ní àárọ̀, ìdajì rẹ̀ ti lọ. Bí kò bá sí, kí kálukú lọ sùn. Exelmans rẹ, kí wọ́n má tètè ná an.

Ọ̀rọ̀ àwọn tó fara pamọ́ sẹ́yìn odò: lo páálí fún àwọn náà. Bìrìgéèdì mẹ́rin ni Thielmann ní, fún un ní páálí mẹ́fà, méjì òfìfo. Kí sójà má kan tábìlì títí ojú Faransé yóò fi tó o. Àti òjò: láti aago 2 lọ, ọta àgbá kò ní ta mọ́lẹ̀ kí ó tún fò, inú ẹrẹ̀ ló máa rì sí. Dín agbára àgbá tó jìnnà kù sí ìdajì.

Ẹṣin_Pupa

Mo gbà. Páálí òfìfo yẹn, mo máa jí i lò.

Rẹfirí_Tuntun

A ti jà á. Ìyípo 20 ni láti aago 11 títí di 9 alẹ́. A ta 9 ní Sátidé, a da aṣọ bo tábìlì, a ta ìyókù ní Sunday.

Exelmans rí páálí mẹ́ta lẹ́yìn Orneau ní ìyípo 2, ó dá ẹṣin dúró. Lefol wọlé ó dúró dè é. Thielmann kò mọ̀ pé Lefol nìkan ló dé, òun náà dúró. Wákàtí kan gbáko, ẹni méjì ń bẹ̀rù páálí, èmi ń mu omi. Ìgbà tí Habert dé ni ìjà tó bẹ̀rẹ̀ nínú ìlú Gembloux, ilé kan sí ilé kejì, bàtálíọ̀nù mẹ́rin Faransé ló wọ̀ ọ́ tí wọ́n tún jáde.

Vandamme kọ ìwé rẹ̀ sí Gérard ní 11:30, aago wà lórí rẹ̀. Mo ṣírò ọ̀nà, mo fi òjò kún un, ó bọ́ sí ìyípo 12, aago 4:30. Mo gbé páálí funfun sí etí tábìlì níbi lẹ́tà B. Mi ò sọ̀rọ̀. Ẹni tó ń ta Vandamme wo páálí, ó wò mí, ó tún wo páálí. Ó ní, “Gérard ni, àbí?” Mo ní amí rẹ̀ rí èèyàn tó pọ̀ nínú òjò, wọ́n wọ aṣọ dúdú. Òótọ́ ni, gbogbo aṣọ ló dúdú nínú òjò! Ó bẹ̀rẹ̀ sí í bú mi. Ó yọ bìrìgéèdì kan kúrò lára Berthezène, èyí tó fẹ́rẹ̀ẹ́ gba afárá, ó ní kí wọ́n yíjú sí ẹ̀yìn. Ìyípo méjì ni wọ́n fi yíjú sí Gérard tiwọn. Ẹni tó kọ ìwé fúnra rẹ̀, tó mọ aago tó kọ ọ́, tó sì lè ṣírò ọ̀nà bí èmi.

Láàárín ìyípo méjì yẹn ni Thielmann kó àgbá rẹ̀ kọjá ojú ọ̀nà Wavre. Nígbà tó di aago 8 ó ti fi Gembloux sílẹ̀, bìrìgéèdì kan ṣoṣo ló kù tó ń jà lẹ́yìn. Exelmans ti rẹ̀, kò sí ìlépa. Pèpéle 9 ti Thielmann kúrò: 3 lọ pátápátá, 3 á padà láàárọ̀, 3 ti dẹrú. Ti Vandamme jẹ́ 12: 4 lọ, 4 á padà láàárọ̀, 4 lẹ́yìn ọjọ́ méjì.

A ṣí àpòòwé. Ti Thielmann: “Kí n dá wọn dúró títí aago 8, kí n sì lọ pẹ̀lú gbogbo àgbá mi.” Àgbá kan péré ló sọnù, inú ẹrẹ̀ ló rì sí. Ti Vandamme: “Kí n mọ ọ̀nà tí Blücher gbà.” Òun náà ti mọ̀ ọ́n báyìí, ó sì ti lé e kúrò ní Gembloux. Àwọn méjèèjì ń sọ pé àwọn ló borí, mo ti fi wọ́n sílẹ̀ bẹ́ẹ̀.

Àṣẹ June 18 ti ń wọlé láti àná. Ti Thielmann ló kọ́kọ́ dé, ojú ewé méjì, ó dára púpọ̀, ó ya àwòrán afárá sí i. Kò ní aago lórí. Mo ti ya á.